Férémù infrared tó ń gbẹ bátìrì: ẹ má tíì fọwọ́ kan agbára LED

Ìbéèrè tí ẹ gbé kalẹ̀ nìyí: férémù infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí) tí ẹ tò yí sikirínì ká ń mọ ìka dáadáa bó bá dí ìtànṣán rẹ̀, àmọ́ ó ń gbẹ bátìrì kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹ wá fẹ́ dín iná LED (gílóòbù kékeré tó ń tan ìtànṣán náà) kù láti 100 mA sí 20 mA (mA ni ìwọ̀n ìṣàn iná). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Agbára LED yẹn lẹ fi ń bá oòrùn jà. Bí ẹ bá dín in kù, bátìrì á pẹ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án gangan, kò ní mọ̀yàtọ̀ láàárín ìka àti òjìji mọ́. Iye ìgbà tí LED ń tàn, àti bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú, ló yẹ kí ẹ dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní sikirínì fẹ̀ ní 200 mm, ó ga ní 150 mm, LED sì fi 5 mm jìnnà síra. Ìyẹn jẹ́ 40 ní ẹ̀gbẹ́ gígùn, 30 ní ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, 70 lápapọ̀, tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan (ohun tó ń gba ìtànṣán) dojú kọ LED tirẹ̀ láti òdìkejì. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tàn fún 20 µs (µs jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ms sì jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún), ìyíká kan, ìyẹn títan gbogbo 70 lọ́kọ̀ọ̀kan, gba 1.4 ms. Tó bá yí ká ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iná ti tàn fún 140 ms nìyẹn. 100 mA di 14 mA ní ìpíndọ́gba, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, bóyá ìka wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Àmọ́ nígbà tí kò bá sí ìka, kí la ń wá ibi tó wà sí? Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ mọ̀: ṣé ẹnìkan ti dé? Ìka tó bá kan gíláàsì máa ń dí ìtànṣán ìbú àti ti òòró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ti tó láti fi ṣọ́nà. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ tó ní 30, ẹ tan ọ̀kan, ẹ fo ọ̀kan. 15 péré ló kù: 0.3 ms fún ìyíká kan. Ní ìyíká 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, iná tàn fún 6 ms, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 0.6 mA. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan 100 mA yẹn rárá.

Ẹ má ṣe máa fo àwọn LED kan náà nígbà gbogbo o. Àlàfo á di 10 mm, ìka ọmọdé á sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ tan 1, 3, 5 ní ìyíká kan, kí ẹ tan 2, 4, 6 ní èyí tó tẹ̀lé e. Ìdí tí mo fi ní 20 náà nìyẹn: láàárín 100 ms, ìdajì méjèèjì á ti dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá já a sí 5, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án wéré á rò pé sikirínì ti kú, á sì tún un tẹ̀.

Bí ìtànṣán kan bá ti wọ́lẹ̀, ẹ ṣe ìyíká kíkún lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de àkókò tó kàn. Lẹ́yìn tí ìka bá kúrò, ẹ jẹ́ kó wà lójúfò fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta kó tó padà sórí ìṣọ́, torí ẹni tó ń tẹ lẹ́tà máa ń gbé ìka sókè léraléra. Kindle Touch ti 2011, ẹ̀rọ ìkàwé Amazon, lo infrared lórí ohun èlò tí bátìrì rẹ̀ kéré, nítorí náà kì í ṣe infrared ló ń jẹ bátìrì, bí a ṣe ń lò ó ni.

Ẹ tún wo àwọn tó kù. Bí microcontroller (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí férémù) bá ń jí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó sì ń jẹ 5 mA, 0.6 mA tí ẹ làágùn lé lórí kò wúlò. Ẹ jẹ́ kó sùn láàárín ìyíká kan sí èkejì, kí timer (aago inú rẹ̀) máa jí i. Ẹ má so iná sẹ́ńsọ̀ mọ́ bátìrì tààrà. Ẹ gbà á láti orí pin (ẹsẹ̀ microcontroller) tí ẹ lè pa.

Ibi mìíràn tí ènìyàn ti lè pàdánù ni resistor (ohun tó ń dí ìṣàn iná lọ́wọ́) ẹsẹ̀ phototransistor, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ náà. 10 kΩ máa ń fún yín ní nọ́ńbà ńlá, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ní 20 µs kò tíì gòkè tán, ẹni tó tò ó á sì fa àkókò LED gùn sí 100 µs kó lè rí nǹkan kà. Ó ti sọ owó bátìrì di ìlọ́po márùn-ún. Ẹ fi 1 kΩ síbẹ̀. Nọ́ńbà á kéré, àmọ́ á yára gòkè, oòrùn ò sì ní tètè kún un dẹ́nu.

Nípa oòrùn, ẹ ka sẹ́ńsọ̀ kí LED tó tàn, ẹ tún un kà nígbà tó bá tàn, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti kún sẹ́ńsọ̀, kíkà méjèèjì á dọ́gba, ìyókù á di òdo, ètò yín á sì rò pé ìka ló wà níbẹ̀. Kò ní sùn mọ́ láé. Nítorí náà, bí kíkà àkọ́kọ́ bá ti sún mọ́ òkè pátápátá, ẹ ka ìtànṣán yẹn sí afọ́jú, ẹ má kà á sí ìka.

Ìdọ̀tí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Eruku kan lójú LED kan lè jẹ́ kí férémù wà lójúfò títí bátìrì fi máa tán. Ẹ tọ́jú ìwọ̀n ìpìlẹ̀ fún ìtànṣán kọ̀ọ̀kan, ẹ pè é ní ìka bí kíkà bá kéré sí 70% rẹ̀, kí ìpìlẹ̀ yẹn sì máa yí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó dúró gbọn-in nígbà tí ìka bá wà níbẹ̀. Ìtànṣán tó bá dí fún ìṣẹ́jú kan láìyẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń ṣọ́nà títí á fi padà bọ̀ sípò.

Ẹ fi capacitor 100 µF (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí LED ti ń gba iná, kí 100 mA òjijì má fa fóltéèjì wálẹ̀. Kí ẹ sì tan watchdog (aago tó ń tún ètò bẹ̀rẹ̀ bó bá há): bí ètò bá há nígbà tí LED kan ń tàn, èyí tí ó yẹ kó gba 100 mA fún 20 µs á máa gbà á láìdáwọ́ dúró, ó sì lè jóná.