Tóo bá fẹ́ ya afárá Clifton, omi ni kóo kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa gba Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ kan péré ni màá lò ńbẹ̀, mo sì fẹ́ ya afárá Clifton tí wọ́n fi ṣéènì gbé rọ̀ yẹn. Fóònù àti kámẹ́rà kékeré kan ni mo ní. Ibo ni kí n dúró sí, ìgbà wo ló sì dáa jù?

Ìdáhùn: Àbúrò, kóo tó ronú oòrùn rárá, lọ wo àkókò tí omi máa kún lọ́jọ́ yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Odò Avon tó gba abẹ́ afárá yẹn kọjá, omi òkun ló ń kún un tó tún ń fà jáde, ó lè ju mítà 10 lọ láàárín ìgbà tó kún àtìgbà tó fà, tóo bá wá débẹ̀ nígbà tó fà tán, ẹrẹ̀ lásán lo máa bá, omi tó kù láàárín ò ju ti gọ́tà lọ. Ẹlòmíì á máa bú kámẹ́rà ẹ̀, ẹrẹ̀ ló lọ yà.

Tómi bá ti kún, sọ̀kalẹ̀ lọ sí Hotwells, lápá Cumberland Basin. Gúúsù afárá nìyẹn, ẹ̀yìn ẹ loòrùn máa wà lọ́sàn-án, wàá sì rí bó ṣe ga tó, bíi mítà 75 sórí omi. Òkè Observatory, lápá àríwá afárá, tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ náà dáa o, àmọ́ lọ́sàn-án oòrùn á dojú kọ ẹ́, ojú ọ̀run á kàn funfun báláú. Lẹ́yìn tóòrùn bá wọ̀ ni kóo lọ síbẹ̀, tí wọ́n bá ti tan iná afárá: gbé kámẹ́rà sórí tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé), fi ISO (bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, fi ojú lẹ́ńsì sí f/8, jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí fún bíi sẹ́kọ́ǹdì 5 sí 15, kóo lo timer, tó ń jẹ́ kó yà á fúnra ẹ̀, kọ́wọ́ ẹ má mì ín. Má gbé tripod sórí afárá fúnra ẹ̀, tí mọ́tò bá ń kọjá ó ń mì.

Àmọ́ ṣáà rìn ín kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ kì í sanwó. Sún mọ́ àwọn ṣéènì yẹn dáadáa, ya ibi tírin kan ti wọnú ìkejì, torí ara afárá Hungerford ní London ni wọ́n ti tú wọn wá kí wọ́n tó ṣí èyí ní 1864 (Brunel, ẹnjiníà tó ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ, ti kú ní 1859, kò fojú rí i). Òpó òkúta méjèèjì ò sì jọra, wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Àárọ̀ ni kóo dúró lórí afárá ya òpó tó wà lápá Leigh Woods, níwọ̀ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sí i lójú, èyí tó wà lápá Clifton di ìrọ̀lẹ́.