Ìgbẹ́ adìẹ 200: bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ di gáàsì ìdáná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ ẹlẹ́yin 200 ni mo ń sìn nínú kéèjì lẹ́yìn ilé mi ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo. Ìgbẹ́ wọn ń rùn, eṣinṣin ò jẹ́ ká gbádùn, bí òjò bá sì rọ̀, ó ń ṣàn wọ gọ́tà. Gáàsì ìdáná tún ti wọ́n jù. Wọ́n ní ìgbẹ́ yìí lè di gáàsì. Ṣé òótọ́ ni? Irú táǹkì wo ni kí n rà? — Ìyá ẹlẹ́yin

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀sìn. Adìẹ 200 máa ń yàgbẹ́ tó tó 20 kìló lójúmọ́. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ìyẹn lè mú nǹkan bíi lítà gáàsì 1,000 jáde, èyí tó tó dáná wákàtí mẹ́ta lórí ojú iná kan. Láàárín oṣù kan, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti sílíńdà 12.5 kìló.

Níbi tí atẹ́gùn ò dé, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń jẹ ìgbẹ́, wọ́n á sì tú methane sílẹ̀. Methane yìí ló ń gbaná. Òkìtì ìgbẹ́ tútù tó wà lẹ́yìn ilé yín náà ń tú u sílẹ̀, ojú ọ̀run ló kàn ń gbé e lọ. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ooru tí methane ń há mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 28 ti carbon dioxide, ìyẹn gáàsì tí a ń mí síta. Ó sàn kó jó lábẹ́ ìkòkò. Carbon dioxide tó ń jáde bó bá jó, inú àgbàdo tí adìẹ jẹ lẹ́nu àìpẹ́ ló ti wá, kì í ṣe inú kànga epo rọ̀bì.

Táǹkì rọ́bà dúdú lítà 3,000 ni kí ẹ rà. Ìgbẹ́ adìẹ le, amóníà, gáàsì tó ń rùn bí ìtọ̀, sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà 20 kìló máa gba omi lítà 40, kó lè ṣàn bí ògì tí a pò sílẹ̀ fún sísè. Lítà 60 lójúmọ́ nìyẹn. Ó yẹ kó lo 40 ọjọ́ nínú táǹkì, ìyẹn lítà 2,400. Àyè tó kù lókè, ti gáàsì ni.

Páìpù ínǹṣì mẹ́rin tí ìgbẹ́ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi ku ẹsẹ̀ bàtà kan kó kan ìsàlẹ̀. Èyí tó ń gbé e jáde, kí ẹnu rẹ̀ inú wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta gíga táǹkì láti ìsàlẹ̀, kí ẹnu ìta wà ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Omi ò ní kúrò lẹ́nu méjèèjì, gáàsì ò sì ní rí ibi sá gbà. Páìpù gáàsì tínrín ń jáde lókè lọ sínú àpò rọ́bà. Ẹ yọ ẹ̀ka kan lára rẹ̀ níta gbangba, kí ẹ ri ẹnu rẹ̀ bọ inú ike omi ní 20 sẹ̀ǹtímítà: bí gáàsì bá pọ̀ jù, á hó jáde níbẹ̀ dípò kó ya táǹkì. Ẹ ki irin wúruwùru tí a fi ń fọ ìkòkò, tó ti dípẹtà, sínú páìpù kó tó dé ìdáná, kó lè gba gáàsì olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ tó ń jẹ irin, tó sì jẹ́ májèlé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ ṣáájú rárá. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ẹ gba ohun tí wọ́n ń tú dànù látinú ṣàkì, torí ibẹ̀ ni kòkòrò methane ń gbé. Kìló 500 ẹ̀ sí omi kànga lítà 1,000. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ tú gáàsì àkọ́kọ́ dànù síta láìṣáná sí i. Atẹ́gùn àti carbon dioxide ló pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ adìẹ kìló mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́fà lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 20.

Bí ẹ bá kánjú, kòkòrò tó ń ṣe kíkan á pọ̀ ju ti methane lọ, táǹkì á kan bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún fùfú, iná á sì kọ̀. Ẹ má fi ìgbẹ́ sínú táǹkì mọ́ títí òórùn kíkan yẹn á fi lọ. Bó bá jẹ́ òórùn ìtọ̀ ló ń jáde, amóníà ni: ẹ fi omi kún un, kí ẹ dín ìgbẹ́ kù.

Oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin máa ń ní ìkarahun lílọ̀, ìkarahun yìí sì ń di ìsàlẹ̀ táǹkì. Nínú garawa, ẹ ro ìgbẹ́ pọ̀ mọ́ omi, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ da òkè rẹ̀ sínú táǹkì. Ẹ ó rí ìkarahun àti yanrìn ní ìsàlẹ̀ garawa. Ẹ fi asẹ́ yọ ìyẹ́. Ìgbẹ́ ọjọ́ tí adìẹ ń lo oògùn àti omi Izal ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, torí wọ́n ń pa kòkòrò.

Ojú ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú sítóòfù kéré jù fún gáàsì tí kò lágbára yìí. Kí oníṣẹ́ fẹ̀ ẹ́ tó nǹkan bíi mìlímítà 2. Ẹ̀ẹ̀wọ̀ ni kí ẹ tún so sítóòfù yẹn mọ́ sílíńdà mọ́, torí iná rẹ̀ á ru sókè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gáàsì ń jò, ìfófòó ọṣẹ ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe ìṣáná.

Omi tó ń jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà ń lọ sódò kékeré, odò kékeré ń lọ sínú Ọ̀ṣun. Ajílẹ̀ inú rẹ̀ á mú kí ewéédò bo odò, atẹ́gùn inú omi á tán, ẹja á sì kú. Ìwọ̀n kan sí omi mẹ́ta ni kí ẹ pò ó, kí ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àgbàdo, kì í ṣe sórí ewé ẹ̀fọ́. Bí ọgbà yín ò bá gbà á tán, ẹ wá àgbẹ̀ tí yóò máa wá gbé e kí ẹ tó ra táǹkì, torí lítà 60 ni yóò máa jáde lójoojúmọ́.