Ọ̀kadà àlòkù: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé, mi ò ní ọ̀kadà rí. Ẹnìkan fẹ́ ta ọ̀kadà 200cc (bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó nìyẹn) àlòkù fún mi, ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, jọ̀ọ́ má rà á. 200cc ti lágbára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àgàgà lójú ọ̀nà tiwa, tó o bá ti sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Wá Bajaj Boxer 100, kì í mu epo jù, kò sí mẹkáníìkì tí ò mọ̀ ọ́n tú. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tàn án, tó bá ti gbóná a jẹ́ pé wọ́n ti tàn án kó o tó dé, bóyá torí kì í tètè jí láàárọ̀ ni, ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù ná. Tó bá ń rú èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó yẹn, owó ńlá ni, kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáńsì (irin tó gbé gbogbo ọ̀kadà ró) gbọ́dọ̀ bá tinú ìwé mu, èyí ni mo ń bẹ̀ ẹ́ sí jù, torí ọ̀kadà olè lè gbé ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Má ná gbogbo owó tán o, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún táyà, búréèkì àti helmet gidi.