Ẹ gba ohùn àwọn àgbà ná, kámẹ́rà lè dúró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fídíò ìtàn ìlú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Fóònù ọwọ́ yín ti tó. Látìgbà tí mo ti ń ṣe é ní Ṣàgámù níbí, ohùn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Tí àwòrán bá ṣú díẹ̀, àwọn èèyàn á ṣì wò ó, àmọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá ń hó lẹ́yìn bàbá, wọ́n á fò ó ni. Yàrá tó ní kọ́tìnì, ẹ pa fáànù, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn, ó parí.

Ohun tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ló gba làákàyè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ta ló tẹ ìlú dó o. Ìlú 13 ló kóra jọ di Ṣàgámù lọ́dún 1872, Ọ̀fin, Mákùn, Sóyindó àtàwọn yòókù, kálukú ló sì gbé ìtàn tiẹ̀ dání wá, ìbéèrè yẹn á kàn dá ìjà sílẹ̀ ni, bàbá náà á sì ka èyí tó máa ń kà nípàdé fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Èmi, obì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń di gbànja sí apẹ̀rẹ̀?" Háà, wọ́n á sọ ewé tí wọ́n fi ń wé e kó má baà gbẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, àwọn Háúsá tó ń wá rà á, lọ́rì tó ń kó o lọ sókè Ọya, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wọ́n ti dé orí ilé tí wọ́n fi owó obì kọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n fi rán níwèé, ẹni tó wà lórí oyè nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Rẹ́mọ bó ṣe wà lẹ́nu wọn, ẹ kọ Yorùbá tí gbogbo èèyàn gbọ́ sísàlẹ̀ fídíò. Àwọn ìyá tó ń di obì nígbà tí Awólọ́wọ̀ ṣì jẹ́ Pírímíà kò pọ̀ mọ́, ó sì ń dùn mí gan-an.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wọn kí wọ́n gbọ́, àtàwọn ọmọ wọn. Ẹbí kan ní kí n yọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wọlé, mo yọ ọ́, mi ò bá wọn jiyàn. Ọ̀rọ̀ Agẹmọ àti Orò, ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document ni kẹ́ ẹ fi í, torí ó máa ń fún fídíò pọ̀. Kẹ́ ẹ sì fẹnu sọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àdúgbò ẹ̀ àti ọjọ́ náà níbẹ̀rẹ̀, torí fáìlì tí orúkọ ẹ̀ jẹ́ kìkì nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó máa mọ ohùn ta ni tó bá pẹ́.