Epo pupa tó kán sójú ìwé àkọ́kọ́

Àbúrò mi tó wà ní Lugbe, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ra ìwé àwòrán tó dára, o ra ọ̀dà, o ra búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ti pé oṣù mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Art journal lo fẹ́ máa ṣe, kí o máa lẹ nǹkan mọ́ ọn, kí o máa kùn ún, kí o máa kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ rẹ sí i. Àmọ́ bí o bá ti ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n, torí olùkọ́ kan ti sọ fún ọ ní kékeré pé ọwọ́ rẹ kì í ṣe ọwọ́ àwòrán. O wá ń bèèrè bóyá kí o kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán.

Má tíì lọ ibì kankan. Ohun tó ń ṣe ọ yìí ṣe èmi náà fún odidi ọdún kan, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Epo pupa ni.

Ní 2014 ni ibi iṣẹ́ gbé mi wá sí Àbújá. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ wà ní Ìlọrin, èmi nìkan wà nínú yàrá kan ní Kubwa. Bí mo bá ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù lálẹ́, ilé á pa lọ́lọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n ra ìwé, kí n máa fọwọ́ ṣe nǹkan. Mo bá lọ ra èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù, bébà rẹ̀ nípọn, ó funfun báláú. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Ìwé tí mo fi owó gidi rà, mi ò lè fi ṣeré. Ọdún kan gbáko ló fi wà lórí tábìlì, tí iṣẹ́ mi lórí rẹ̀ kò ju kí n máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀ lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí i sílẹ̀ pé lónìí ni màá kọ nǹkan sí i, iṣu àti epo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti iṣu bọ epo, mo ń gbé e lọ sẹ́nu, ni epo bá kán tó, tó, tó sójú ìwé náà. Mo fò dìde. Mo fi tíṣù nù ún, ó tún tàn kálẹ̀ sí i. Inú bí mi débi pé mo po ọ̀dà búlúù mọ́ omi, mo ní kí n fi bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀dà náà ṣàn dé ibi tí epo wà, ó sì yà fún un. Mo tún kùn ún, ó tún yà. Nígbà tó gbẹ, gbogbo ojú ìwé ti di búlúù, àmì mẹ́ta sì mọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀ bí òṣùpá, ọ̀dà ṣe ojú wínníwínní yí etí wọn ká. Mo jókòó, mò ń wò ó. Àdìrẹ ni mò ń wò yìí! Ìyá mi ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ, mo mọ̀ pé ibi tí ẹ̀kọ láfún bá jókòó sí lára aṣọ, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Epo ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ lójú mi, lórí ìwé tí mò ń bẹ̀rù.

Mi ò ní kí o da epo síwèé o. Epo kì í dúró sójú kan. Tèmi ti ràn dé ewé kẹrin. Àbẹ́là ni kí o lò. Mú àbẹ́là funfun, fi ya ohun tó bá wù ọ́ sórí bébà funfun: ìlà, òbìrípo, orúkọ rẹ. O kò ní í rí ohun tí ò ń yà, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn níbẹ̀, torí ojú tí kò rí i kò lè máa bá ọwọ́ wí. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀dà á ráyè wọ àárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà, po ọ̀dà olómi kó ṣàn, kí o kùn ún kọjá lórí rẹ̀, ohun tí o yà á sì yọjú. Kí ọ̀dà tó gbẹ, wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i. Hóró kọ̀ọ̀kan á fa omi mọ́ra, á fi àmì bí ìràwọ̀ sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́ níhìn-ín, bu iyọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o tó kan omi rárá, torí bébà lè ti gbẹ kí o tó rìn dé kíṣíìnì.

Ìwé olówó tó wà nínú dúrọ́ọ̀, fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Wá lẹ́jà, ìwé ẹlẹ́yìn líle tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe ìṣirò, bó bá jẹ́ èyí tí ẹnì kan ti kọ nǹkan sí, ó tún dára jù. Mo gba tèmi lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, ó ti kọ ìdajì rẹ̀ kó tó gbé ìṣirò rẹ̀ lọ sórí fóònù. Ojú ìwé tó ti kún fún nọ́ńbà kò lè bà ọ́ lẹ́rù bí èyí tó funfun. Bébà lẹ́jà fẹ́lẹ́, nítorí náà lẹ ewé méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Kí o sì fi abẹ gé ewé kan kúrò nínú mẹ́ta-mẹ́ta látìbẹ̀rẹ̀, fi etí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí okùn má baà tú. Ohun tí o bá lẹ mọ́ ọn ló máa gba àyè yẹn. Èmi ò gé tèmi, nígbà tí mo dé àárín, ìwé náà yanu bí ọ̀nì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ya.

Ọ̀dà ẹ̀máṣọ̀n funfun tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti kun yàrá ti tó láti fi pèsè ojú ìwé. Bù ú díẹ̀, fi káàdì ATM tó ti kú fà á kí ó fẹ́lẹ́, má bo gbogbo nọ́ńbà náà tán. Bó ṣe tutù, fi òòyà fà á gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn aládìrẹ náà máa ń fi òòyà fa ẹ̀kọ lórí aṣọ bẹ́ẹ̀.

Bí o kò bá mọ ohun tí o máa yà, pín ojú ìwé sí onígun mẹ́rin mẹ́rin bí ìyá aládìrẹ ṣe ń pín aṣọ. Wo aṣọ Ìbàdàn Dùn dáadáa, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀, ṣíbí wà láàárín wọn, àpótí kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan tirẹ̀. Kò sí ẹni tí àpótí kékeré bà lẹ́rù rí. Fi ìlà kún ọ̀kan, fi àmì kékeré-kékeré kún ọ̀kan, lẹ àjákù ankara mọ́ ọ̀kan, kọ ohun tó bí ọ nínú lónìí sínú ọ̀kan. Bírò ni kí o fi kọ ọ́, torí íńkì rẹ̀ kì í ṣàn bí omi bá kàn án. Mákà ọmọ iléèwé máa ń ṣàn. Kí o tún gé ilá agànyìn sí méjì ní ìbú, tì í bọ ọ̀dà, kí o tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Òdòdó ló máa jáde. Jẹ́ kí ojú ilá tí o gé gbẹ díẹ̀ ná, nítorí yíyọ̀ rẹ̀.

O ò nílò láti máa ra ọ̀dà pàápàá. Ilẹ̀ pupa tí à ń tẹ̀ káàkiri Àbújá yìí, bu díẹ̀ níbi tó mọ́, lọ̀ ọ́, fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ, pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà àti omi díẹ̀. Ọ̀dà gidi ni, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣá, torí irin tó ti dípẹtà ló wà nínú rẹ̀. Zobo náà dùn ún ṣeré. Bí o bá kun omi rẹ̀ sórí bébà, tí o wá kán omi káún sí i, pupa náà á yí padà di àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé lójú rẹ. Ọmọ mi obìnrin lo ìsinmi kan gbáko lórí ìyẹn nìkan. Ṣùgbọ́n zobo á ṣá o, má fi kun ohun tí o fẹ́ kí ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ló ná mi jù, jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀, bébà á mu omi yó, á wú, á sì hunjọ. Fi omi díẹ̀ là á, fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ dé etí, gbé aṣọ tàbí bébà lé e, yí ìgò lórí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí o wá fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́jú, pẹ̀lú ọ̀rá búrẹ́dì láàárín. Má gbàgbé ọ̀rá yẹn. Ní ìgbà òjò kan, mo pa ìwé dé nígbà tí mo rò pé ó ti gbẹ, mo lọ sí Ìlọrin lọ rí àwọn ọmọ. Nígbà tí mo padà, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Mo fà wọ́n, wọ́n ya. Lára wọn ni lẹ́tà tí ọmọ mi kọ sí mi, tí mo lẹ̀ síbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Láti ìgbà náà, ojú ìwé tí mo bá ti parí, mo máa ń fi àbẹ́là gbígbẹ ra á lórí fẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í lẹ̀ mọ́.

Bákan náà ni rìsíìtì POS. Mo lẹ ti oúnjẹ tí a jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ wá kí mi. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bébà funfun lásán ló kù. Ooru ló ń kọ̀wé sára irú bébà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe íńkì, ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló sì ń pa á rẹ́. Fótókópì rẹ̀ ni kí o lẹ̀.

Fótókópì yẹn tún wúlò fún nǹkan míì. Mo ní fọ́tò ìyá mi níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún mi, mo fi gọ́ọ̀mù kun ojú ìwé, mo da ojú àwòrán náà dé orí rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo wá fi aṣọ tútù rin ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń fi ìka ra á. Bébà náà ń ṣí díẹ̀ díẹ̀ bí ìdọ̀tí ara. Gèlè ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú méjèèjì ń wò mí láti inú bébà lẹ́jà, nọ́ńbà ọjà sì ń hàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo sunkún. Kìkì pé orúkọ tó wà lára ìsọ̀ ti yí sódì, nítorí náà ní kí wọ́n bá ọ yí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kó sì jẹ́ fótókópì tàbí láísà. Èyí tí wọ́n fi íńkì olómi tẹ̀ máa ṣàn dànù.

O máa dé ibi kan lágbedeméjì tí ojú ìwé náà á burú lójú rẹ, tí o máa fẹ́ fà á ya. Mo lọ sí Kofar Mata ní Kano nígbà kan, ibi kòtò aró tí wọ́n ní wọ́n ti gbẹ́ láti 1498. Ọkùnrin tó ń rẹ aṣọ fa ọ̀kan jáde, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ewé tó ń rọ. Mo ti fẹ́ káàánú rẹ̀ pé ó ti bà á jẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè sí mi, ó ní "Jira", pé kí n dúró. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí aṣọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù níbi tó ti ká a mọ́wọ́. Ó sì tún rì í padà, torí ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí ọ̀rọ̀ ojú ìwé rẹ náà ṣe rí nìyẹn: jẹ́ kó gbẹ, sùn, kí o tún gbé nǹkan lé e láàárọ̀.

Ní ti olùkọ́ rẹ, ó dùn mí pé ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Jimoh Buraimoh, tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládipọ̀ kó tó dara pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo ní 1964. Bruce Onobrakpeya, tó ń tẹ àwòrán, tiẹ̀ kàwé gboyè ní Zaria, síbẹ̀ ásíìdì ló ba àwo tó fi ń tẹ àwòrán jẹ́ ní 1967, ibi tó ti ń tún un ṣe ló ti rí ọ̀nà tuntun láti máa tẹ àwòrán, tó pè ní plastograph. Bó bá wù ọ́ láti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, lọ. Àmọ́ má fi ṣe ẹnubodè.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ ti tó ọ, kó tó di pé wọ́n mú iná lọ. Ìwé olówó tèmi ni mo parí ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, epo ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá ti ṣe ojú ìwé márùn-ún nínú lẹ́jà, jọ̀ọ́, ya fọ́tò èyí tó burú jù lójú rẹ, kí o fi í hàn mí. Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.