Orúkọ Òkú Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Èrò ní Berlin

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Berlin, mo rí àwọn idẹ pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé, tí orúkọ ènìyàn sì wà lára wọn. Àwọn èrò ń tẹ̀ wọ́n kọjá. Orúkọ ta ni? Ṣé kì í ṣe ìwọ̀sí ni? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá wa. “Stolpersteine” ni wọ́n ń pè é lédè Jámánì, ìyẹn òkúta ìkọsẹ̀. Gunter Demnig, oníṣẹ́ ọnà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1992, ó sì ti lé ní 100,000 káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn tí ìjọba Násì, ìyẹn ìjọba Hitler, fi ìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa ni wọ́n fi ń rántí, àwọn Júù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Iwájú ilé tí olúkúlùkù fínnúfíndọ̀ gbé kẹ́yìn ni wọ́n ń ri òkúta rẹ̀ sí, wọ́n á sì kọ “Ibí ni ó gbé” sókè orúkọ rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀sí, ohun tó dùn yín yìí gan-an ló mú kí ìlú Munich kọ̀ kí wọ́n rì í sí ojú ọ̀nà ìjọba, nítorí lára àwọn aṣáájú Júù níbẹ̀ sọ pé kò yẹ kí a tún máa tẹ àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ rí. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Inú ilé ni àwọn baba wa ń sin àgbà sí, wọ́n á tẹ́ ẹní lé ojú oórì, ọmọ á máa ṣeré lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìwọ̀sí. Lẹ́tà ara idẹ náà sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò tẹrí ba.

Bí ẹ bá tún lọ, ẹ dé Brunnenstraße 193. Òkúta Bayume Mohamed Husen wà níbẹ̀, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, tí wọ́n bí ní Dar es Salaam lọ́dún 1904, tó ti wọṣẹ́ ọmọ ogun Jámánì láti kékeré nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tó sì wá ń kọ́ni ní èdè Swahili ní Berlin. Lọ́dún 1941, wọ́n mú un nítorí pé ó bá obìnrin aláwọ̀ funfun fẹ́ra, wọ́n sì jù ú sí Sachsenhausen, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì, níbi tó kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1944.

Idẹ a máa dúdú bí òjò bá ń pa á, àwọn aládùúgbò ló sì ń nù ún. Ẹ mú aṣọ kékeré kan dání, Ìyá wa, kí ẹ bá wa nu tirẹ̀.