Wọ́n kọ 30m sára pọ́ǹpù mi, kànga mi ò ju mítà 13 lọ, kí ló dé tómi ò jáde?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsẹ́yìn ni mo wà, mo fẹ́ gbin tòmátò àti ata ẹ̀ẹ̀rùn sórí ilẹ̀ ààbọ̀ éékà. Mo ra pọ́ǹpù bẹntiróòlù onínṣì méjì, wọ́n kọ 30m sí i lára. Kànga tí mo gbẹ́ sóko, mítà 13 lèèyàn máa sọ okùn kó tó kan omi, omi inú ẹ̀ sì tó mítà mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n omi ò jáde rárá. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n fi okùn sọ pọ́ǹpù náà sínú kànga kó lè sún mọ́ omi. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ àbí kí n lọ ra èyí tó lágbára jù ú lọ?

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ẹ kú làálàá oko. Kí n tó sọ nǹkan míì, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ pọ́ǹpù yẹn sínú kànga. Gáàsì kan wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tójú ò lè rí, tímú ò sì lè gbóòórùn ẹ̀, inú kànga ò sì níbi tí atẹ́gùn máa gbà gbé e jáde. Ẹni tó bá wọlé lọ tún nǹkan ṣe lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó bá tún sáré wọlé lọ yọ ọ́, òun náà á ṣubú sí i, bí èèyàn méjì mẹ́ta ṣe ń kú sínú kànga kan ṣoṣo nìyẹn. Kódà tẹ́ ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì náà, gáàsì yẹn ṣì lè wà níbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó tà á fún yín pé kó má gba ẹnikẹ́ni nírú ìmọ̀ràn yẹn mọ́.

Ó yá, ká wá sórí 30m. Ó jọ pé pọ́ǹpù yín ò bàjẹ́. 30m yẹn ni gbogbo gíga tó lè gbé omi dé, àtèyí tó fà látìsàlẹ̀ àtèyí tó tì sókè lápapọ̀. Ẹ wo ara ẹ̀ dáadáa tàbí inú ìwé tó bá a wá, ẹ máa rí nọ́ńbà kékeré míì tí wọ́n kọ suction sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn bó ṣe lè fa omi látìsàlẹ̀ tó, ó sábà máa ń jẹ́ 7m tàbí 8m, nọ́ńbà yẹn ló kàn yín. Pọ́ǹpù tó jókòó sórí ilẹ̀, ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń kó afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù, afẹ́fẹ́ tó wà níta tó tẹ orí omi kànga ló wá ń ti omi gòkè, bí ìgbà tẹ́ ẹ fi sítúróò mu mínírà. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn ò lè ti omi ju bíi mítà 10 lọ, ìyẹn tí ohun gbogbo bá pé, tí họ́ọ̀sì ò jò níbì kankan. Lóko, mítà mẹ́fà sí méje ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Torí náà, bẹ́ ẹ bá ra onínṣì mẹ́ta tàbí èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tóbi ju ti ọ̀kadà lọ, omi mítà 13 ò ní gòkè. Ẹ má náwó yẹn rárá.

Irú pọ́ǹpù tẹ́ ẹ rà yẹn dáa níbi tó bá yẹ ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ fàdámà, ìyẹn àwọn tó ń dáko sórí ilẹ̀ ẹ̀bá odò, ní Kano àti Jigawa ń lò ó gan-an torí iyanrìn ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn, omi ò sì jìnnà. Tiwa ní Òkè Ògùn, àpáta ló wà nísàlẹ̀, inú ilẹ̀ tó rọ̀ lórí àpáta yẹn àti inú ibi tí àpáta gbé là lomi ń gbé, ìdí nìyẹn tí kànga yín fi lè lómi tí ti ẹni tó múlé tì yín ò sì ní. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ní akùrọ̀ tàbí tóko ẹ̀ wà létí odò Ògùn, ẹ tà á fún un. Kó gbé pọ́ǹpù sún mọ́ omi, kó wá fi họ́ọ̀sì gígùn ti omi lọ sóko, torí pọ́ǹpù mọ títì ju fífà lọ.

Ohun tí kànga yín fẹ́ ni pọ́ǹpù tó ń gbé inú omi, èyí tí àwọn plọ́ńbà ń pè ní súmò. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sáré lọ rà á, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó nìyí. Tòmátò tó ti ń so, nínú oòrùn Fẹ́búárì àti Máàṣì, máa ń mu bíi lítà márùn-ún lójúmọ́ lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó. Ààbọ̀ éékà sún mọ́ irú mítà yẹn 2,000, ẹ ti rí i pé bíi lítà 10,000 loko yín fẹ́ lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ́ kómi ṣàn láàárín ebè lásán, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, torí ilẹ̀ àti oòrùn máa gba tiwọn. Kànga tó fẹ̀ ní mítà kan, mítà omi kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀ ò ju lítà 785 lọ. Tí tiyín náà bá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mítà mẹ́ta tẹ́ ẹ ní yẹn, bíi lítà 2,350 ni. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ wá ni pé, tẹ́ ẹ bá fa ìyẹn tán, báwo ló ṣe máa yá tó kó tó padà?

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ yá súmò àti jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ plọ́ńbà, ẹ fa omi náà títí á fi kù díẹ̀, ẹ so òkúta mọ́ okùn kẹ́ ẹ fi wọn ibi tómi dúró sí, lẹ́yìn wákàtí kan ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ti gòkè ní ààbọ̀ mítà, ó ń mú bíi lítà 390 wá ní wákàtí kan, ìyẹn sún mọ́ 9,400 lójúmọ́ tẹ́ ẹ bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojúmọmọ nìkan lẹ ń fà á, iye yẹn máa dín kù, torí kànga lè kún lóru kí omi míì má wọlé mọ́, ẹ wá dín ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbìn kù. Tó bá jẹ́ pé lítà 4,000 péré ló lè mú wá lójúmọ́, plọ́ọ̀tì kan ni kẹ́ ẹ gbìn dípò mẹ́ta tó wà nínú ààbọ̀ éékà yẹn, ó máa dùn yín lọ́kàn ṣùgbọ́n plọ́ọ̀tì kan tó so dáadáa ń pawó, mẹ́ta tó rọ nínú Máàṣì á kàn jẹ́ gbèsè ni. Ìparí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n o, tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n ní Nòfẹ́ńbà, omi òjò ṣì wà nínú ilẹ̀, ó máa tàn yín jẹ.

Tí omi bá tó, sólà ni màá ní kẹ́ ẹ fi gbé e, torí látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, bẹntiróòlù ojoojúmọ́ máa jẹ èrè ata yín tán. Láti gbé lítà 10,000 láti inú kànga yín lọ sínú táǹkì tó ga díẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì bíi wáàtì 500 àti súmò DC kékeré, ìyẹn èyí tó ń lo iná tó wá tààrà látara pánẹ́ẹ̀lì, máa tó o, kò nílò bátìrì, inú táǹkì lẹ máa fi omi pa mọ́ sí. Súmò kékeré tó ń fa díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ ló bá kànga bíi tiyín mu, èyí tó lágbára jù á fà á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá jóná níbi tó ti ń yí lásán. Ẹ rí i pé ó ní ohun tó máa pa á fúnra ẹ̀ nígbà tómi bá tán, ẹ sì gbé e sókè díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ kànga kó má máa fa ẹrẹ̀. Tó bá dìgbà ọyẹ́, ẹ máa nu eruku orí pánẹ́ẹ̀lì láràárọ̀.

Láti inú táǹkì sí ìdí ata, rọ́bà dírípù, ìyẹn èyí tó ń kán omi sí ìdí irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Kí ìdí táǹkì ga tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì, ẹ sì má fi fílítà sílẹ̀ láìrà, ihò rọ́bà yẹn kéré, iyanrìn kànga ò ní pẹ́ dí i pa. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ ìdí wọn pẹ̀lú, kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì ń dá omi dúró gan-an.

Tẹ́ ẹ bá ti wọn kànga yẹn tán, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: bí kànga ṣe fẹ̀ tó, ibi tómi dúró sí kẹ́ ẹ tó fà á, àti iye tó fi gòkè lẹ́yìn wákàtí kan. Màá bá yín ṣírò súmò tó yẹ kẹ́ ẹ rà.